Mọ́tò Àlòkù Tí Kò Rí Bí Wọ́n Ṣe Polówó Rẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá a Padà ní UK

Mọ́tò lè máa ṣiṣẹ́ geerege, kí ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí. Ibi tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń wá kiri. Abala 11 nínú òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà, Consumer Rights Act ti ọdún 2015, sọ pé ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí wọ́n bá ní mọ́tò ti rin 48,000 máìlì, tó wá jẹ́ 90,000, ẹjọ́ ti wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ìbáà dùn bí agogo. Bákan náà ni bí wọ́n bá ní ẹnì kan ṣoṣo ló lò ó rí, tó sì jẹ́ ẹni mẹ́rin.

Kí ẹ tó pe ẹni tó tà á rárá, ẹ ya àwòrán ìpolówó náà sórí fóònù, nítorí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò lójijì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Ohun tí wọ́n fẹnu sọ náà kà, àmọ́ ó nira láti fi hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò wá ìtàn MOT rẹ̀ (àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin fi dandan lé mọ́tò) lórí gov.uk: ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń sọ iye máìlì tó wà lójú mọ́tò nígbà àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá lọ sókè, tó tún já wálẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ ti rí ẹ̀rí. Iye ẹni tó ti ni ín lórúkọ rí wà lára V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò.

Gbèdéke tó ṣe pàtàkì jù ni ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ẹ gba mọ́tò. Láàárín rẹ̀, ẹ lè kọ̀ ọ́ kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Ẹ fi í-méèlì ránṣẹ́: nọ́ńbà mọ́tò, ọjọ́ tí ẹ rà á, iye tí ẹ san, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí ẹ rí, kí ẹ wá kọ ọ́ kedere pé ẹ kọ mọ́tò náà, ẹ sì fẹ́ owó yín padà. “Ẹ bá mi wò ó” kọ́ ni kíkọ̀. Ẹ má wà á mọ́ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ti gbà, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó náà láàárín ọjọ́ 14.

Tí ọjọ́ 30 bá ti kọjá, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí àǹfààní kan láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló lè tún máìlì tó ti rìn ṣe? Níbi tí àtúnṣe tàbí pàṣípààrọ̀ kò bá ti ṣeé ṣe, ẹ lè ní kí wọ́n dín owó kù, tàbí kí ẹ dá a padà. Wọ́n lè yọ owó ìlò kúrò nínú ohun tí wọ́n máa san.

“Bí ẹ ṣe rí i lẹ rà á” kò pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. “Àwa náà ò mọ̀” kò gbà wọ́n sílẹ̀.

Bí ẹni tó tà á kì í bá ṣe oníṣòwò, ọjọ́ 30 yìí kò sí, ṣùgbọ́n abala 13 nínú Sale of Goods Act ti ọdún 1979 ṣì fi dandan lé e pé kí mọ́tò bá àpèjúwe mu. Ẹ fura sí ẹni tó ní “èmi ni mo ni ín” tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà lórí ìpolówó mọ́tò mẹ́fà: ó lè jẹ́ oníṣòwò tó ń fara pa mọ́.

Bó bá jẹ́ HP (hire purchase, ìyẹn sísan owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù) ni ẹ fi rà á, ilé iṣẹ́ tó yá yín lówó ló ni mọ́tò. Àwọn ni kí ẹ kọ̀wé sí, ẹ má sì dá owó oṣooṣù dúró fúnra yín. Tó bá jẹ́ credit card, abala 75 nínú Consumer Credit Act ti ọdún 1974 mú báńkì náà pẹ̀lú, bí mọ́tò bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, kódà bó jẹ́ àsansílẹ̀ nìkan ni ẹ fi káàdì san.

Bí wọ́n bá ṣì kọ̀ jálẹ̀, ilé ẹjọ́ small claims (ti ẹjọ́ owó kékeré) ní England àti Wales ń gbọ́ ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju £10,000 lọ, ẹ sì ní ọdún 6 láti pè é. Ní Scotland, ọdún 5 ni.