Bí Mo Ṣe Gbé Pẹpẹ Ìpápánu Sọ̀kalẹ̀ Fún Àwọn Ọmọ Mi

Ọmọ méjì ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 6, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3. Títí di oṣù mélòó kan sẹ́yìn, bí wọ́n bá jẹun àárọ̀ tán, kì í tó wákàtí kan tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé ebi ń pa àwọn. Bí mo bá wà nídìí iṣẹ́, màá dìde. Bí mo bá wà nídìí ìkòkò, màá pa iná. Ohun tó bá sì sún mọ́ mi jù lọ ni màá nà sí wọn, bisikíìtì sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé bí mo bá bi wọ́n bóyá ebi ń pa wọ́n lóòótọ́, wọn kì í mọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé Màmá ló ń fúnni, àti pé ẹni tó bá ké jù ló ń tètè rí gbà. Mo wá pinnu pé màá ṣètò ibì kan tí wọ́n á ti máa fi ọwọ́ ara wọn mú ìpápánu, tí kò sì ní sí ohun kankan níbẹ̀ tí yóò máa bà mí lẹ́rù bí wọ́n bá mú un.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kọ́kọ́ ronú nípa ibi tí àṣẹ mi yóò ti parí àti ibi tí tiwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ellyn Satter, onímọ̀ nípa oúnjẹ ní Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí a ṣe ń bọ́ ọmọdé, là á kalẹ̀ pé iṣẹ́ òbí ni láti yan ohun tí ọmọ yóò jẹ, ìgbà tí yóò jẹ ẹ́ àti ibi tí yóò ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọmọ ni láti pinnu bóyá òun yóò jẹ ẹ́ àti bí èyí tí òun yóò jẹ ṣe máa pọ̀ tó. Ìlànà yìí ni mo gbé ètò mi kà. Òun náà ló yọ mí nínú àṣìṣe kan tí mo fẹ́ ṣe, nítorí èrò mi àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n máa lọ mú ìpápánu nígbàkúùgbà tó bá wù wọ́n. Ọmọ tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní lè jẹ oúnjẹ gidi bí a bá gbé e kalẹ̀, eyín rẹ̀ kò sì ní rí ìsinmi. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ṣí pẹpẹ náà fún wọn: láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, àti láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èmi fẹ́ kí pẹpẹ sọ̀kalẹ̀. Mo mú àbúrò lọ síwájú fíríìjì, mo ní kó na ọwọ́ láìdúró lórí ìka ẹsẹ̀, mo sì rí i pé pẹpẹ kejì láti ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ àti ojú rẹ̀ jọ tó. Ó wù mí kí n lo ti ìsàlẹ̀ pátápátá, àmọ́ ibẹ̀ ni ẹran àti ẹja tí a kò tíì sè gbọ́dọ̀ máa wà, nínú abọ́ tó ní ìdérí, kí omi ara wọn má baà kán sórí oúnjẹ tí a kò ní sè mọ́. Mo kó gbogbo ohun tó jẹ́ tiwa kúrò lórí pẹpẹ kejì, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nù ún, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò pé òtútù inú fíríìjì náà kò kọjá 5°C.

Ìdérí abọ́ ló gba àkókò mi jù. Abọ́ oníke tí mo kọ́kọ́ rà ní ìkọ́ mẹ́rin tí a ń tẹ̀ pa, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn nítorí pé omi kì í jò níbẹ̀. Àbúrò gbé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó fi eyín bù ú; nígbà tí ìkọ́ kẹta já, gbogbo kùkúńbà inú rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Ní ọjọ́ kejì, mo kó oríṣi abọ́ márùn-ún tí kò sí nǹkan nínú wọn sílẹ̀, mo jókòó tì í, mo sì ká ọwọ́ mi mọ́ra bó ṣe ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìdérí rẹ̀ rọ̀, tó sì ní etí kékeré kan tí ọmọ lè dì mú, ló ṣí láìgbọn abọ́ náà. Ó dé e padà, ó tún ṣí i, ó sì gbójú sókè wò mí. Irú rẹ̀ ni mo rà, pupa fún ẹ̀gbọ́n, búlúù fún àbúrò, méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ gígé oúnjẹ ni mi ò lè fi ṣeré. Ọ̀nà èémí ọmọdé tóóró, eyín ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ kò sì tíì lágbára tó, nítorí náà ohun tó bá rí roboto, tó ń yọ̀, tàbí tó le, lè há sí wọn lọ́fun kó sì dí èémí pa. Èso àjàrà wà lára èyí tó burú jù. Mo máa ń fi ọ̀bẹ là á ní òòró sí mẹ́rin, mi ò sì jẹ́ gé e ní ìbú, nítorí pé èyí tí a gé ní ìbú ṣì rí roboto bíi ti tẹ́lẹ̀, ó kàn kúrú ni. Kárọ́ọ̀tì ni mo ń gé gbọọrọ bí ìka, tí mo sì ń fi ooru omi sè títí tí fọ́ọ̀kì fi ń wọ inú rẹ̀ láìlo agbára. Ápù ni mo ń gé pẹlẹbẹ, tó fẹ́lẹ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ọ̀bẹ láti ẹ̀yìn rẹ̀, màá sì fi omi tí mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí ṣàn án, torí pé kíkan ọsàn náà kì í jẹ́ kí ojú ápù tètè di pupa ràkọ̀ràkọ̀. Odidi ẹ̀pà àti gúgúrú kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ àjàrà tí a là sí méjì, ó lè jẹ kárọ́ọ̀tì tútù, àmọ́ pẹpẹ kan náà ni ọwọ́ àwọn méjèèjì ń wọ̀, nítorí náà ohun tí àbúrò lè jẹ láìséwu ni òfin fún gbogbo ohun tó bá dé ibẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò nílò wàhálà. Mi ò bó o sílẹ̀, mo kàn ń fi ọ̀bẹ ṣá orí rẹ̀ díẹ̀ kí àbúrò lè rí ibi tí yóò ti máa bó o. Ẹyin ni mo ń sè fún ìṣẹ́jú 10 kó lè gan dáadáa. Búrẹ́dì àlìkámà ni mo ń fi ẹ̀pà lílọ̀ ra, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé ẹ̀pà lílọ̀ tó bá ṣù jọ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Ara àwọn ọmọ mi kò kọ ẹ̀pà; bí ó bá jẹ́ pé ó kọ̀ ọ́ ni, mi ò bá má jẹ́ kó dé ilé rárá. Yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà ni mo ń rà, èmi fúnra mi ni mo sì ń fọ́ ìbẹ́pẹ sí i. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, títí kan ṣúgà inú jùúsì àti oyin, má ṣe tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ, pé ó sì sàn kó má tó ìdá 5. Lẹ́yìn tí mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí jùúsì tí a ń mu nílé, omi nìkan ló kù lórí pẹpẹ wa. Inú jọ́ọ̀gì kékeré ni mo ń bu omi náà sí, kò sì ń ju ìdajì lọ, kí àbúrò lè gbé e láìdà á sílẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, abọ́ ńlá kan ni mo kó gbogbo àjàrà sí, mo rò pé yóò tó ọjọ́ mẹ́ta. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ẹ̀gbọ́n ti jẹ ẹ́ tán, inú sì ń run ún. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti gbé iye tí màá bù sínú abọ́, tí ó jẹ́ iṣẹ́ mi láti díwọ̀n, lé ọmọdé lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ohun tó wà nínú abọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni tirẹ̀. Ó lè jẹ ẹ́ tán, ó lè jẹ díẹ̀, ó lè dá gbogbo rẹ̀ padà, n kò sì ní sọ nǹkan kan. Bí ó bá tán, oúnjẹ ló kàn. Nígbà tí mo rí i pé ebi ń pa wọ́n lóòótọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, mo fi ìdajì wákàtí fa oúnjẹ ọ̀sán síwájú, àròyé náà sì dáwọ́ dúró.

Òfin méjì péré ni mo gbé kalẹ̀ fún wọn. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ ọwọ́, wọ́n á sì ka 1 dé 20 kí wọ́n tó ṣan án. Ẹ̀gbọ́n ló ń kà, àbúrò ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì jẹun, kò sí eré sísá pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Èmi tàbí bàbá wọn ní láti wà níbi tí a ti ń rí wọn, nítorí pé ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun lè má lè ké. Ohun tó bá sì ti wà lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ kì í padà sínú fíríìjì, mo máa ń dà á nù ni.

Iṣẹ́ náà ń gbà mí ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí pé èso tí a ti gé kì í dára mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹta. Kùkúńbà ni àbúrò kọ́kọ́ kọ̀. Mo ń fi ẹyọ méjì sí abọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò bá a wí, nítorí ọmọ lè rí oúnjẹ kan tó ìgbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lá a, ó dá a padà. Ní ọjọ́ kejì, ó jẹ ẹ́ títí dé èèpo, ó sì fi èèpo náà hàn mí.

Ẹ̀gbọ́n ti ń béèrè odidi ẹ̀pà báyìí. Mo ti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti máa jẹ ẹ́, nígbà tí àbúrò bá sùn, títí àbúrò yóò fi pé ọdún 5. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó kà á, ó ní ó ku méjì.