Bí mo ṣe dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọ́tísíìmù sílẹ̀ ní Àbújá

Òfin tí mo kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ni pé a ò ní béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ́tísíìmù ni kí ọpọlọ èèyàn máa gba ariwo, iná àti ìbáṣepọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré. Àyẹ̀wò rẹ̀ fún ẹni tó ti dàgbà ṣòro láti rí ní Nàìjíríà, ó sì wọ́n. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ náà bá òun mu, ó ti tó. Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù wa: orúkọ tí o fẹ́ ká máa pè ọ́, nọ́ńbà WhatsApp rẹ, àti ohun tó máa ń ni ọ́ lára, ìyẹn ariwo, iná, òórùn tàbí kí èèyàn fọwọ́ kàn ọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbẹgẹ́, torí náà ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú fọ́ọ̀mù wọ̀nyí.

Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ béèrè lẹ́tà, ìwé òfin ẹgbẹ́, olùkọ́ kan tí yóò jẹ́ alámòójútó, àti orúkọ àwọn olóyè pẹ̀lú nọ́ńbà matíríkì wọn. Mo fún ẹgbẹ́ náà ní orúkọ tí kò mẹ́nu ba ọ́tísíìmù, mo sì gba àwọn ọ̀rẹ́ tí kò ní in wọlé, kí àkọsílẹ̀ má baà tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Mo tọ́ka sí òfin tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2019, èyí tó fi òfin de ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ìlà kan tó. Lẹ́tà tó bá gùn, ìsàlẹ̀ fáìlì ló ń sùn.

Yàrá ló gba wàhálà jù. Wákàtí tí ẹ óò máa lò ó gan-an ni kí ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀ lè kọ̀yìn sí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tàn nírọ̀lẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo tan fáànù, mo pa á, mo tan iná gígùn, mo pa á. Iná gígùn àtijọ́ tó ń ṣẹ́jú, tó sì ń kùn, ẹlòmíì ò ní lè fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fèrèsé ni mo yàn dípò rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu tábìlì kí àwọn èèyàn tó dé. Ẹ wá yàrá kékeré kan mọ́ ọn, kí àga méjì wà níbẹ̀: ẹni tó bá wọ ibẹ̀, a kì í tẹ̀lé e, a kì í bi í pé kí ló ṣe é. Ọjọ́rú la mú, aago 4:00 sí 5:30. Ẹ má fi sí ọ̀sán Jímọ̀.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n níhìn-ín, odindi ni kí ẹ sọ. "Ẹ máa bọ̀ nírọ̀lẹ́" ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ wa máa ń lọ ní ọjọ́ Àìkú: aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, fọ́tò ilẹ̀kùn yàrá náà, ohun tí a óò ṣe, irú oúnjẹ tó wà, bó bá ní ata. Bí ìyípadà bá wà, ẹ sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Aago 4:00 bá lù, ẹ bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni méjì ló wà níkàlẹ̀. Lórí WhatsApp, olóyè nìkan ló ń kọ̀wé sí ojúde ẹgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdúrà òwúrọ̀ àti ìpolówó á lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ.

Káàdì aláwọ̀ mẹ́ta wúlò gan-an. Àwọn tó ní ọ́tísíìmù fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Pupa: ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Yẹ́lò: ẹni tí mo mọ̀ nìkan. Àwọ̀ ewé: mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀, bóyá mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ gé páálí, ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rá ID káàdì kan ṣoṣo, èyí tó bá wà níwájú ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lára pẹ̀lú, torí kì í ṣe gbogbo ojú ló ń dá àwọ̀ mọ̀.

A kì í ní kí ẹnikẹ́ni dìde kó sọ ara rẹ̀. Lára ògiri, a kọ ọ́ pé kíkí kì í ṣe dandan, gbígbọnwọ́ kì í ṣe dandan. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó kọjá lára àgbà tí kò kí i ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́, ohun tó sì ń lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọ́tísíìmù kúrò láwùjọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ṣáájú ẹnu: ayò, sẹ́ẹ̀sì, Scrabble, èèyàn mẹ́rin sí tábìlì. Ẹ fi tábìlì kan sílẹ̀ fún ẹni tó kàn fẹ́ ṣe asáínmẹ́ǹtì rẹ̀ nítòsí àwọn ẹlòmíì. Wọ́n bá ju méjìlá lọ, ẹ pín wọn sí ọjọ́ méjì.

Oríṣi àlejò mẹ́ta lẹ ó máa dá padà: ẹni tó fẹ́ wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó kó ìwé ìbéèrè próójẹ́ẹ̀tì wá, àti ẹni tó fẹ́ gbàdúrà ìtúsílẹ̀. Bí nǹkan bá sì pọ̀ jù fún ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tàbí kó máa gbá orí, ẹ pa ariwo, ẹ kó àwọn yòókù jáde, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má da omi sí i lára. Ẹnì kan kó dúró síbi tó ti lè rí i, kó má sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń pa irú ẹgbẹ́ yìí ni kí ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ sìnrú ìlú láìfi nǹkan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Fáìlì tiwa ní àpẹẹrẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀dà lẹ́tà ọ́fíìsì, ibi tí kọ́kọ́rọ́ yàrá wà, orúkọ ẹni tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀, àti ètò tí a óò lò lórí WhatsApp bí àwọn olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀.