Bí A Ṣe Ń Ṣe É Bí Iná Bá Sọ Nígbà Tí A Ń Ṣíná Bàálù Kékeré

Bàálù tí mò ń sọ níhìn-ín ni Cessna 172N, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lo kábúrétọ̀, ohun tí ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kábúrétọ̀ náà wà. Bí epo bá pọ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fà lọ, yóò ṣàn padà sísàlẹ̀, yóò rọ́gún síbẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá sì tu iná sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, epo náà gbiná nìyẹn.

Ẹ fi ẹnì kan síta níbi tí ẹ ó ti máa rí i, kí ó jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ tí ń yí níwájú bàálù, nítorí iná abẹ́ imú bàálù kì í tètè hàn sí ẹni tí ó wà nínú. Primer, ọ̀pá kékeré tí a ń fi ọwọ́ fà tí a sì ń tì láti fún epo sínú ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ fi fún ẹ́ńjìnnì lépo, kì í ṣe throttle, ọ̀pá tí a fi ń mú kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti throttle síwájú ni ó ń tu epo sínú kábúrétọ̀, bí abẹ̀bẹ̀ kò bá sì tíì máa yí, kò sí ohun tí yóò fa epo náà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo máa ń lo primer ní òwúrọ̀ tútù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, n kì í fọwọ́ kan primer rárá. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń pa gbogbo nǹkan, n óò sọ̀ kalẹ̀, n óò sì tẹ́ páálí funfun sábẹ́ imú bàálù. Àwọ̀ búlúù ni epo 100LL, epo tí bàálù yìí ń lò, ní. Bí ẹ̀kán kan bá kán sórí páálí, ẹ dúró kí ó gbẹ.

Bí iná bá wá sọ, ẹ má ṣe jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń yí ẹ́ńjìnnì! Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó já ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tí ó di irin gbígbóná mú. Abẹ̀bẹ̀ dúró, iná tí ìbá wọlé sínú ẹ́ńjìnnì sì gun ara bàálù, ọ̀dà imú rẹ̀ ń wú, ó ń bó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, yóò fa iná àti epo náà sínú sílíńdà, níbi tí ó ti yẹ kí iná máa jó. Nítorí náà, ẹ máa yí i nìṣó, bí ẹni ìta tilẹ̀ ń pariwo.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó máa sáré ní 1700 RPM (iye ìgbà tí ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ti throttle síwájú pátápátá, ẹ fa mixture, ọ̀pá olórí pupa tí ń ṣàkóso epo, jáde tán kí epo má wọlé mọ́, kí ẹ sì máa yí ẹ́ńjìnnì lọ. Bí iná kò bá kú, ẹ mú ẹ̀rọ ìpaná, ẹ pa bátìrì àti kọ́kọ́rọ́, ẹ ti epo pa, kí ẹ sì jáde, kí ẹ gba ẹ̀yìn lọ. Ẹ fún oògùn ìpaná sí ihò afẹ́fẹ́ imú bàálù, kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ má ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ni iná ń wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣíná bàálù náà mọ́ títí ẹnjiníà yóò fi yẹ sẹ́ẹ́ afẹ́fẹ́, àwọn rọ́bà epo àti wáyà wò.