Táyà Kan Gbóná Ju Ìkejì Lọ: Bí Mo Ṣe Tún Bíréèkì Iwájú Mọ́tò Mi Ṣe Fúnra Mi

Kí bíréèkì mọ́tò mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ìtọ́kọ̀ á fẹ́ fà sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí mo bá sì dúró tán, òórùn ohun tó gbóná janjan á máa ti ibi táyà ọ̀tún iwájú jáde. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ríìmù náà láìfọwọ́ kàn án, mo sì lọ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ti òsì. Ti òsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ti ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ariwo dé, èyí tó máa ń han tín-ín-rín bí táyà ṣe ń yí. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sára páàdì, ìyẹn ohun tó ń há dísìkì mú kí táyà lè dúró. Bí páàdì bá ti jẹ dé ìwọ̀n kan, irin náà á máa ha dísìkì, ìyẹn irin bí àwo tó ń bá táyà yí, á sì máa ké. Kò bàjẹ́ o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nírú àkókò yìí kò ju pé kí wọ́n ra páàdì, kí wọ́n tú táyà, kí wọ́n fa ti àtijọ́ yọ, kí wọ́n ki tuntun bọ̀ ọ́, ó parí. Àmọ́ páàdì tó jẹ tán kọ́ ló ń mú kí táyà kan gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ohun kan ló ń di kálípà mú (ìyẹn irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) tí kò jẹ́ kó tú dísìkì sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí bíréèkì. Bí n kò bá wá ohun náà rí, ìyà tó jẹ páàdì àtijọ́ náà ló máa jẹ tuntun.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni mo gbé mọ́tò sí, torí pé ẹsẹ̀ jáàkì lè rì sínú iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀. Mo fi òkúta ńlá há táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, mo sì fa hándì-bíréèkì. Mo dẹ àwọn nọ́ọ̀tì ríìmù kí n tó gbé mọ́tò sókè, torí bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, ńṣe ni yóò máa bá sípánà yí. Jáàkì ni mo fi gbé e, ṣùgbọ́n sítáǹdì ni mo gbé e lé. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí: jáàkì wà fún gbígbé sókè, kò wà fún kí èèyàn wọ abẹ́ mọ́tò tó gbé dání. Rọ́bà kékeré kan ló ń di ọ́ìlì inú rẹ̀ mú, rọ́bà náà kì í sì í kéde kó tó já. Táyà tí mo yọ pàápàá, abẹ́ mọ́tò ni mo tì í sí.

Mo yí ìtọ́kọ̀ kí ẹ̀yìn kálípà lè kọjú sí mi. Nínú mọ́tò tèmi, bóòtù méjì tí sípánà 14 ń tú ló so kálípà mọ́ àwọn píìnì rẹ̀, ìyẹn irin róbótó méjì tí kálípà fi ń yọ̀ síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páàdì nìkan lè tú ti ìsàlẹ̀, kó sì ṣí kálípà sókè bí ìdérí àpótí. Èmi yọ méjèèjì. Mo fi wáyà so kálípà kọ́ sára sípíríǹgì kó má bàa rọ̀ dirodiro lórí họ́ọ̀sì, nítorí họ́ọ̀sì lè ya nínú kí ara rẹ̀ lóde ṣì máa dán.

Mo wá yọ páàdì, mo sì tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jókòó: ti inú, ti ìta, orí sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju páàdì àtijọ́ nù kí ẹ tó kà á, torí òun ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Bí ti inú àti ti ìta bá jẹ dọ́gba, kálípà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ti inú bá jẹ ju ti ìta lọ, ó lè jẹ́ pé písítìn (irin inú kálípà tí ọ́ìlì ń tì kó lè tẹ páàdì) kì í padà sẹ́yìn dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé kálípà kò lè yọ̀. Bí ti ìta bá jẹ ju ti inú lọ, píìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí páàdì kan ṣoṣo bá sì jẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí orí kan nípọn tí orí kejì fẹ́lẹ́, a jẹ́ pé píìnì kan ń yọ̀, ìkejì ti dì. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀tún nìyẹn gan-an. Páàdì ìta ṣẹ́ kù bíi mílímítà 5 lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì pé 2. Nígbà tí mo ṣí ti òsì, gbogbo rẹ̀ jẹ lọ́gbọọgba.

Píìnì òkè, ìka méjì ni mo fi fà á jáde. Ti ìsàlẹ̀ kò mira. Mo fọ́n epo tó ń já ìpẹtà sí ẹnu ihò rẹ̀, mo lọ ṣe nǹkan mìíràn, mo padà wá. Mo fi sípánà gbá orí rẹ̀ mú, mo wá ń yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Àwọn kan á ní kí n gba òòlù, ṣùgbọ́n òòlù lè tẹ píìnì tàbí kó fọ́ etí bírákẹ́ẹ̀tì tó gbé e, nígbà tó jẹ́ pé yíyí ló ń já ìpẹtà kúrò lára irin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún wíín, wíín. Kò pẹ́ tó fi jáde, ìyẹ̀fun pupa sì tẹ̀ lé e. Rọ́bà tó yẹ kó bo ẹnu ihò rẹ̀ ti ya, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Mo fi aṣọ nu ihò náà láti inú títí ó fi mọ́, mo fi sáńpépà tó kúnná jù lọ dán ara píìnì, mo sì fi rọ́bà tuntun rọ́pò èyí tó ya. Ká ní ìpẹtà ti jẹ píìnì náà lára, tuntun ni ǹ bá rà.

Girísì tí a ó fi sí i ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Girísì lásán tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe máa ń mú kí rọ́bà bíréèkì wú, rọ́bà tó bá sì wú á di píìnì mú padà. Girísì sílíkónì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì ni mo lò, ìwọ̀nba tó kàn bo ara irin. Bí ẹ bá ki í kún inú ihò, afẹ́fẹ́ kò ní ríbi gbà jáde, píìnì á sì máa ta padà. Ohun kan tún wà: nínú ọ̀pọ̀ kálípà, píìnì méjèèjì kì í ṣe ìbejì. Ọ̀kan máa ń ní rọ́bà kékeré lórí, ó sì ní ihò tirẹ̀. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ "òkè" àti "ìsàlẹ̀" sórí páálí tí mo tò wọ́n lé kí wọ́n má bàa pààrọ̀ ààyè. Nígbà tí mo dá wọn padà, ìka kan ló ń tì wọ́n wọlé. Ká sòótọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà parí sí. Ìyókù kò ju kí a to nǹkan sí ààyè rẹ̀.

Eruku bíréèkì: ẹ má fẹ́ ẹ lẹ́nu, ẹ má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Láyé àtijọ́, asbestos (ohun àlùmọ́ọ́nì tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) wà nínú ọ̀pọ̀ páàdì, kò sì sí ẹni tó lè wo eruku kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo fi oògùn ìfọbíréèkì rin ín kí n tó nù ún, mo sì da aṣọ ìnuwọ́ náà nù.

Kí n tó ti písítìn padà, mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí nípùlù kálípà (ẹnu kékeré tí à ń dẹ̀ kí ọ́ìlì lè jáde), mo ti ẹnu kejì rọ́bà náà bọ inú ìgò, mo sì dẹ nípùlù náà díẹ̀. Báyìí, ọ́ìlì ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn písítìn á bọ́ sínú ìgò dípò kó padà lọ sínú ẹ̀rọ ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Mo gbé páàdì àtijọ́ lé písítìn lójú, mo fi kíláàǹpù tì í jẹ́jẹ́, mo sì dé nípùlù padà. Ó wọlé láìjanpata, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé písítìn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. (Àwọn kálípà ẹ̀yìn kan wà tí hándì-bíréèkì wà nínú wọn, yíyí ni wọ́n ń yí písítìn tiwọn wọlé, ẹni tó bá fi kíláàǹpù tì í á bà á jẹ́.)

Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n tí dísìkì kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ jù sára dísìkì fúnra rẹ̀. Lára tèmi, 20 mm ni. Mo fi irin òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n káàkiri, ibi tó fẹ́lẹ́ jù jẹ́ 21.4, kò sì sán. Mo pinnu láti tún un lò. Àmọ́ mo yọ ọ́ ná, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ojú ibi tó ń jókòó lé, torí ìdọ̀tí tín-ín-rín tó bá há síbẹ̀ á mú kí dísìkì máa fì, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì á sì máa gbọ̀n.

Páàdì tuntun gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán yọ̀ nínú bírákẹ́ẹ̀tì. Tèmi há díẹ̀ nítorí ọ̀dà tó nípọn létí rẹ̀; mo fi fáìlì rẹ́ ẹ kúrò. Mo fi girísì bíréèkì tó fẹ́lẹ́ sí etí àti ẹ̀yìn páàdì, ojú tó ń kan dísìkì kò gbọ́dọ̀ rí i rárá. Ọ̀tún àti òsì ni a máa ń pààrọ̀ pa pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló jẹ jù. Nígbà tí mo ń dì í, sípánà òṣùwọ̀n, èyí tó ń wọn bí a ṣe ń fún bóòtù le tó, ni mo lò: ìwé àtúnṣe mọ́tò mi ní 34 N·m (òṣùwọ̀n agbára ìyí) fún bóòtù píìnì, 107 fún bírákẹ́ẹ̀tì, 103 fún nọ́ọ̀tì ríìmù. Ẹ má fi iye yìí di tiyín o; ẹ wo ìwé àtúnṣe mọ́tò yín.

Ọ́ìlì bíréèkì ló kù. DOT 3 àti DOT 4, ìyẹn oríṣi ọ́ìlì bíréèkì méjì, máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìyẹn ló fi yẹ ká máa pààrọ̀ wọn bí a kò tilẹ̀ rí ibi tó ń jò. DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó títí ooru á fi dé 205°C ó kéré tán, àmọ́ nínú èyí tó ti fa omi, òdiwọ̀n náà wálẹ̀ sí 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. Bí ó bá hó nínú kálípà, ooru omi á rọ́pò ọ́ìlì, pẹ́dàlì á sì rì sílẹ̀ gbẹrẹfu. DOT 5 jẹ́ sílíkónì, a kì í pò ó mọ́ àwọn tó kù; DOT 5.1 kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo ọ́ìlì bíréèkì inú mọ́tò mi ni DOT 3, òun ni mo rà, nínú ike tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Àbúrò mi bá mi jókòó sídìí ìtọ́kọ̀ láti máa tẹ pẹ́dàlì bíréèkì. Táyà tó jìnnà jù sí agolo ọ́ìlì ni ìwé àtúnṣe mọ́tò mi ní kí n fi bẹ̀rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́, kí o dì í mú."

"Mo ti dì í mú, Ẹ̀gbọ́n."

Mo dẹ nípùlù, ọ́ìlì dúdú tú jáde sínú ìgò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti rì dé ilẹ̀ o. Ṣé kí n gbé ẹsẹ̀?"

"Rárá! Dúró kí n dé e ná."

Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kí n tó dé nípùlù, afẹ́fẹ́ ni yóò fà wọlé, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọ́ìlì fi mọ́ kedere tí kò sí ìfòfóò nínú rẹ̀ mọ́, a sì bọ́ sídìí táyà mìíràn. Mo ń da ọ́ìlì tuntun kún agolo òkè bí a ṣe ń lọ. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Èyí tó bá ta sára mọ́tò, omi ni kí ẹ fi ṣàn án kíá, torí ó ń bó ọ̀dà.

Kí mọ́tò tó kúrò lójú kan, mo tẹ pẹ́dàlì léraléra títí ó fi le. Èyí kì í ṣe àṣejù. Písítìn tí a tì padà ti jìnnà sí páàdì, ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sì í mú nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, mo gba ọ̀nà tí èrò kò sí lọ: mo sáré dé 50 km ní wákàtí, mo tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ títí ó fi sún mọ́ 10, n kò dúró pátápátá, mo jẹ́ kó tutù díẹ̀, mo tún un ṣe. Báyìí ni ara páàdì ṣe ń fara kun dísìkì yíká. Bí èèyàn bá dúró, tó tẹ bíréèkì gbígbóná mọ́lẹ̀, ojú kan ni páàdì máa lẹ̀ mọ́, pẹ́dàlì á sì máa gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn.

Ìtọ́kọ̀ kò fà mọ́. Mo na ọwọ́ sún mọ́ ríìmù méjèèjì, ooru wọn bára dọ́gba. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń gbé e jáde, mo tún fi sípánà òṣùwọ̀n yẹ nọ́ọ̀tì ríìmù wò, kò sí èyí tó dẹ̀.

Bíréèkì ẹ̀yìn ló kàn. Onídúrọ́ọ̀mù ni wọ́n (ìkòkò irin ló wà níbẹ̀ dípò dísìkì), sípíríǹgì inú wọn sì pọ̀ kọjá ohun tí èèyàn lè há sórí. Ọ̀kan ni mo máa tú lẹ́ẹ̀kan, n kò ní fọwọ́ kan ìkejì títí tí mo bá fi to ti àkọ́kọ́ padà, kí n lè máa yọjú wò ó bí sípíríǹgì kan bá dójú rú mọ́ mi lọ́wọ́.