Bí mo ṣe fi ayé han ọmọ ajá mi kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó pé

Tanímọ̀la pé ọ̀sẹ̀ 8 ní ọjọ́ tí mo gbé e wá sílé. N kò fẹ́ gbà á ṣáájú ìgbà náà, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ajá ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi eyín ṣeré láìṣe ẹlòmíràn léṣe.

Ní ọjọ́ kejì, dókítà ẹranko sọ ohun méjì fún mi tí ó jọ pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Èkíní ni pé ẹsẹ̀ ọmọ ajá náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tí àwọn ajá mìíràn ń rìn títí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ yóò fi pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, nítorí kòkòrò parvovirus, tí í fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ pa ọmọ ajá láàrin ọjọ́ díẹ̀, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èkejì ni pé ohun tí ọmọ ajá kò bá mọ̀ kí ó tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ó ṣeé ṣe kí ó máa bẹ̀rù bí ó bá dàgbà, ẹ̀rù sì wà lára ohun tí í mú ajá bu ènìyàn jẹ. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé ilẹ̀kùn kan yóò ti tì kí èkejì tó ṣí. Mo béèrè ìdí tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò fi tó. Dókítà náà ṣàlàyé pé ààbò tí ọmọ mu nínú omi ọmú àkọ́kọ́ ìyá rẹ̀ máa ń pa agbára abẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí yóò tán lára rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un gún.

Apá mi ni mo fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí ó wo kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọdé tí ń sáré, àti ẹni tí ó ṣí agbòòrùn. Bí ó bá ti wo nǹkan kan tí kò sì gbọ̀n, ẹran wẹ́wẹ́ ti dé ẹnu rẹ̀. Mo tún gbé e lọ sí ọgbà ọ̀rẹ́ mi kan, níbi tí àgbà ajá onísùúrù kan wà tí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. Fèrè rẹ̀ dẹ́rù bà á, èmi sì rò pé bí mo bá túbọ̀ sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kejì, yóò mọ́ ọn lára. Ó kọ ẹran, ó ki orí bọ abíyá mi, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ojú fèrèsé ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀, láti òkèèrè.

Kò sí àdììtú nínú ti ìtọ̀: bí ó bá jí, bí ó bá jẹun, bí ó bá ṣeré tán, mo gbé e lọ sí igun kan náà nínú ọgbà mi, mo sì yìn ín lójú ẹsẹ̀. N kò fi imú rẹ̀ ra ìtọ̀ rí. Ìyẹn kàn ń kọ́ ajá láti fi í pamọ́ ni. Bí ó bá sì bu ìka mi jẹ, eré parí, mo kẹ̀yìn sí i.

Inú ilé alára ni ó gba iṣẹ́. Mo rá kiri lórí eékún kí n lè rí ohun tí òun náà ń rí: wáyà iná, oògùn tí ó já bọ́ sábẹ́ àga, bọ́tìnnì. Ṣokoléètì, àlùbọ́sà, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, àti ṣingọ́ọ̀mù tí ó ní xylitol (ohun adùn tí a ń lò dípò ṣúgà) ni mo gbé lọ sókè pátápátá, nítorí májèlé ni wọ́n fún ajá.

Nígbà tí dókítà gbà wá láyè, mo sọ ọ́ kalẹ̀ lójú títì fún ìgbà àkọ́kọ́, okùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá. Tanímọ̀la wò ó, ó wo àpò mi, ó sì jókòó.