Bí ẹ ṣe lè tọpa ìdílé Campbell ti Argyll

Orúkọ ni yóò kọ́kọ́ dààmú yín. Nínú ìdílé Campbell tó ń jẹ oyè Argyll ní Skọ́tlándì, Archibald ń bí Archibald ni. Ẹ má kọ orúkọ lásán sílẹ̀. Ẹ kọ oyè àti ọdún ikú mọ́ ọn. Bírò pupa ni èmi fi ń kọ ọdún ikú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Colin, Earl àkọ́kọ́, ní 1457. (Earl, Marquess àti Duke jẹ́ ipò oyè; Marquess ga ju Earl, Duke ló ga jù.) Archibald ọmọ rẹ̀ kú sójú ogun Flodden ní 1513. Ẹ máa tẹ̀lé wọn bọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Archibald méjì tí èmi fúnra mi ti dà pọ̀ rí. Wọ́n bẹ́ bàbá, tó jẹ́ Marquess, lórí ní Edinburgh ní 1661. Wọ́n bẹ́ ọmọ náà ní 1685. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi pa wọ́n. Ó ṣì wà ní mùsíọ́mù ní Edinburgh: òpó igi méjì, abẹ irin láàárín wọn. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, omi sì lé ròrò sí mi lójú.

Ọmọ ẹni ìkẹyìn yìí ló di Duke ní 1701.

Ẹ ṣọ́ra níbí o: Duke kejì kò fi ọmọkùnrin sáyé lọ ní 1743, àbúrò rẹ̀ ló jẹ oyè. Nígbà tí ìyẹn náà kú ní 1761, ìbátan wọn ló bọ́ sí lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń ya àwòrán ìdílé náà, ẹ fa ìlà yẹn sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fà á sísàlẹ̀ bí ti bàbá sí ọmọ.

Bí ẹ bá rí MacCailein Mòr nínú ìwé, olórí ìdílé ni wọ́n ń kì bẹ́ẹ̀, "ọmọ Cailean Ńlá" ní èdè Gaelic. Ẹ wo ọdún ìwé náà kí ẹ tó mọ èwo nínú wọn ni.