Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì: iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì

Mo ṣe ìkànnì kan fún bàbá ahunṣọ kan níbí ní Ìlọrin, kí àwọn oníbàárà lè máa jókòó sílé wọn bẹ iṣẹ́ aṣọ òkè. Kò tó oṣù kan tí arábìnrin kan tó fẹ́ so yìgì fi wọlé síbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bí ìgbín, ó tẹ "Fi ránṣẹ́" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá rí iṣẹ́ mẹ́ta, wọ́n sì ti gbé òwú ẹlẹ́ẹ̀kejì sórí òfì kí wọ́n tó pè mí.

Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti arábìnrin náà. Ojú fọ́ọ̀mù yẹn dára, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò ní ẹ̀ṣọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Aṣọ òkè ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ti iléèwé tàbí ti ilé ìwòsàn kò yàtọ̀.

1. Ẹ mú bébà kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù

Ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi oníbàárà sílẹ̀. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó máa lo ìdáhùn náà àti ohun tó máa fi ṣe. Èyí tí ẹ kò bá rí nǹkan kan kọ síwájú rẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Fọ́ọ̀mù mi àkọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí, ìpínlẹ̀ àti NIN, torí pé mo rí i nínú fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn. Kí ni ahunṣọ fẹ́ fi NIN ṣe? Òfin tó ń dáàbò bo dátà ní Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ní kí a má gbà ju ohun tí a nílò lọ, kí a sì sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe fún ẹni tó ni ín. Dátà tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn ni o, kì í ṣe èyí tí a ń rà sórí fóònù.

Ní ti àdírẹ́sì, àpótí fẹ̀ǹfẹ̀ kan ṣoṣo ti tó. "Ẹ̀yìn mọ́sálásí, ẹ béèrè Ìyá Oníwàrà" jẹ́ àdírẹ́sì tó péye nílùú yìí, ọlọ́kadà kankan kò ní ṣìnà lórí rẹ̀.

2. Orúkọ

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ kóòdù tí àwọn èèyàn ń dà kọ, lẹ́tà A dé Z nìkan ló ń gbà, á sì lé Ọlọ́runtóyìn padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí àmì abẹ́ ọ. Á lé Sa'adu náà, nítorí àmì kékeré àárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọlé bí olórúkọ ṣe kọ ọ́. Àlàfo iwájú àti tẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ gé kúrò.

Àmì ohùn tún ní wàhálà tirẹ̀. Fóònù kan lè fi ọ ránṣẹ́, kó fi àmì òkè tẹ̀ lé e. Òmíràn á fi ó ránṣẹ́, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Lójú wa, ọ́ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kò jọra rárá. Bàbá á wá Ọlọ́runtóyìn nínú àkọsílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ti ṣètò bí a ṣe ń sọ wọ́n di ọ̀kan, NFC ló ń jẹ́. Nínú JavaScript (èdè tí a fi ń kọ kóòdù), oruko.normalize("NFC") ni ẹ máa kọ. Ẹ ṣe é ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ohun tí fọ́ọ̀mù bá fi ránṣẹ́, kí ẹ tó tọ́jú orúkọ, kí ẹ sì ṣe é fún ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń wá pẹ̀lú. Lẹ́yìn NFC, ọ́ ṣì máa jẹ́ ẹyọ méjì, torí Unicode kò ní ẹyọ kan fún un. Nítorí náà, ẹ má fi lẹ́tà 20 há orúkọ ènìyàn mọ́.

Sa'adu ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kejì. Mo ti so orúkọ mọ́ àárín àṣẹ SQL (èdè tí a fi ń bá àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀), àmì inú orúkọ náà sì dá àṣẹ ọ̀hún dúró lójijì. Ojú ewé kú. Ibi tí orúkọ ọmọlúàbí ti lè da àṣẹ rú, olè lè gba ibẹ̀ kọ àṣẹ tirẹ̀, kó kó àkọsílẹ̀ yín lọ. Pípa àmì náà rẹ́ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ kọ àṣẹ lọ́tọ̀, ẹ fi àmì ? dá àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi orúkọ ránṣẹ́ lọ́tọ̀:

INSERT INTO ise (oruko, foonu) VALUES (?, ?)

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ hàn lójú ewé ni kí ẹ tó sọ àmì <, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ àṣẹ nínú kóòdù ojú ewé, di <, kì í ṣe nígbà tí ẹ ń gbà á wọlé.

3. Fóònù àti ọjọ́

Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye, a kì í rò ó pọ̀ mọ́ nǹkan. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ bí iye, òdo iwájú á pòórá, 11 á di 10. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ type="tel" sí àpótí rẹ̀ nínú kóòdù fọ́ọ̀mù kí bọ́tìnnì nọ́ńbà lè yọ lórí fóònù. Ẹnì kan á kọ 0803, ẹlòmíràn +234 803, òmíràn á fi àlàfo sáàárín. Ẹ gba gbogbo rẹ̀. Kí sáfà yọ àlàfo, kó sì sọ òdo iwájú di +234. Èyí tó bá ti gbé kóòdù orílẹ̀-èdè mìíràn wá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ Ìlọrin tó wà ní London náà ń ṣe yìgì.

03/04 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Ẹ lo type="date", ọdún ló ń fi síwájú nígbà tó bá ń fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí sáfà: 2026-04-03.

4. Sáfà ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Àyẹ̀wò tí browser (áàpù tí oníbàárà fi ń ṣí ìkànnì) ń ṣe, ìrọ̀rùn oníbàárà ló wà fún. Ẹnikẹ́ni lè yà á sílẹ̀, kó fi ohun tó wù ú ránṣẹ́ tààrà. Kí sáfà tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò: ṣé iye bọ́ndù ju òdo lọ, ṣé ọjọ́ náà kò tíì kọjá? Ẹ má sì gba iye owó láti inú fọ́ọ̀mù láéláé, kódà bí ẹ bá fi í pamọ́ sínú àpótí tí kò hàn. Irú aṣọ àti iye bọ́ndù ni kí fọ́ọ̀mù sọ. Kí sáfà fúnra rẹ̀ wo owó nínú database, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí sáfà.

Bí àṣìṣe bá wà, ẹ dá fọ́ọ̀mù padà pẹ̀lú gbogbo ohun tí oníbàárà ti kọ. Fọ́ọ̀mù tó bá pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́ nítorí àṣìṣe kan, n kì í padà síbẹ̀ mọ́. Abẹ́ àpótí tó kàn ni kí ẹ kọ àlàyé sí: "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà yìí ku méjì kó pé 11."

5. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Bí fọ́ọ̀mù bá ṣe ń ṣí, kí sáfà fi nọ́ńbà àrà ọ̀tọ̀ kan pamọ́ sínú rẹ̀. Nínú database, ẹ kọ UNIQUE, tí kì í jẹ́ kí nọ́ńbà kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sẹ́yìn orúkọ òpó tí nọ́ńbà náà ń wọ̀. Bí títẹ̀ kejì bá dé, á bá ti àkọ́kọ́ nílẹ̀. Kí sáfà kàn fi èsì ti àkọ́kọ́ hàn. Fọ́ọ̀mù lè gba ọ̀nà POST tàbí GET fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. POST ni kí ẹ lò, torí GET máa ń tú orúkọ àti fóònù síta nínú àdírẹ́sì ojú ewé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú iṣẹ́, ẹ fi 303 (nọ́ńbà èsì tó ń ní kí browser lọ sí ojú ewé mìíràn) darí oníbàárà sí ojú ewé "A ti gbọ́", kí ṣíṣí ojú ewé lẹ́ẹ̀kejì má baà tún fọ́ọ̀mù fi ránṣẹ́. Dídí bọ́tìnnì lẹ́yìn títẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ mú fóònù olówó pọ́ọ́kú kan lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára. Ẹ kọ Sa'adu Ọlọ́runtóyìn, ẹ fi àlàfo sínú nọ́ńbà, ẹ tẹ bọ́tìnnì léraléra, ẹ pa dátà, ẹ tún un tàn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ bá nínú àkọsílẹ̀. Bàbá ahunṣọ kò jẹ́ kí n gbé fọ́ọ̀mù kejì síta títí wọ́n fi fi ìka ara wọn tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá.